Ẹ̀kọ́ tí mo kọ́ nídìí Mastà ìṣàkóso òwò

Nígbà tí mo forúkọ sílẹ̀ fún Mastà nínú ìmọ̀ ìṣàkóso òwò, mo gbà pé bí mo ṣe kàwé gba Lísáǹsì, oyè àkọ́kọ́ ní yunifásítì, náà ni n ó ṣe kà á: kí n kọ ohun tí olùkọ́ sọ, kí n há a sórí, kí n sì dà á sílẹ̀ lọ́jọ́ ìdánwò. Àjàṣẹ́ ni mò ń gbé, Kútọnu ni ilé-ẹ̀kọ́ wà, nítorí náà inú ọkọ̀ ni mo ti ń há ìwé sórí lẹ́yìn iṣẹ́. Oṣù 3 kò tíì pé tí ọgbọ́n yẹn fi já mi kulẹ̀.

Ètò náà fúnra rẹ̀ kò lọ́jú pọ̀. Ọdún 2 ni, sáà 4, krédì (ìwọ̀n tí wọ́n fi ń ka iṣẹ́ ẹ̀kọ́) 30 ní sáà kọ̀ọ̀kan. Lórí 20 ni wọ́n ti ń fún wa ní máàkì, ẹni tó bá sì ní 10 ti yege. Ohun tí n kò kà sí ni pé ìdánwò ìparí sáà nìkan kọ́ ni wọ́n ń wò. Iṣẹ́ àmúrelé, iṣẹ́ tí a jọ ṣe, àti ọ̀rọ̀ tí ènìyàn dìde sọ nínú kíláàsì, wọ́n ń kó gbogbo rẹ̀ pọ̀ ni. Ìwọ̀n tí ọ̀kọ̀ọ̀kan ní yàtọ̀ láti ọ̀dọ̀ olùkọ́ kan sí èkejì, nítorí náà ẹ béèrè ní ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́. Èmi béèrè nígbà tí sáà ti ń lọ sópin.

Èyí tí ó dà mí láàmú jù ni ìtàn ilé-iṣẹ́. Olùkọ́ a fún wa ní ìwé nípa oníṣòwò tí ó wà nínú ìṣòro, pẹ̀lú ìṣirò owó rẹ̀, àwa ni a ó sì pinnu ohun tí yóò ṣe. Ilé-ẹ̀kọ́ òwò ti Harvard ní Amẹ́ríkà, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1908, ni ó sọ irú ẹ̀kọ́ yìí di olókìkí. Tiwa àkọ́kọ́ dá lórí ọkùnrin kan tí ó ń ta epo pupa. Ó ra kéègì 100 ní 20,000 fráǹkì ọ̀kọ̀ọ̀kan, ó tà wọ́n ní 23,000, síbẹ̀ kò rí owó oṣù san fún àwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀. Mo tún ìtàn náà sọ ní ojú-ewé 6, mo to orúkọ àwọn onímọ̀ sí i, mo sì gba 8. Ìbéèrè kan ṣoṣo ni olùkọ́ kọ sí etí ìwé mi: kí ni kí ọkùnrin yìí ṣe lọ́jọ́ Ajé?

Inú bí mi. Mo gbé ìwé náà lọ bá ìyá mi ní ọjà Ouando ní Àjàṣẹ́, níbi tí ó ti ń ta aṣọ. N kò wá ìmọ̀ràn, ẹjọ́ ni mo lọ rò. Kò jẹ́ kí n rò ó tán.

"Ṣé wọ́n ti san owó epo náà fún un?"

Mo wo ìwé. Oṣù 2 ni ó fún àwọn oníbàárà rẹ̀ láti fi san, bẹ́ẹ̀ owó ojú ẹsẹ̀ ni òun fi ra epo.

"Àwìn ni ó mú un nígbèkùn nìyẹn."

Lóòótọ́, èrè 300,000 wà lórí ìwé, ṣùgbọ́n ọwọ́ àwọn ẹlòmíràn ni ó wà, pẹ̀lú 2,000,000 tí ó fi ra ọjà. Odindi orí kan ni ìwé wa fi ṣàlàyé ohun tí ìyá mi rí kí n tó jókòó. Láti ìgbà náà ni mo ti ń kọ ìpinnu mi ṣáájú, iye tí yóò náni àti ibi tí ó ti lè bàjẹ́, kí n tó mú ìmọ̀ ìwé wá gbè é lẹ́sẹ̀.

Ní ti iṣẹ́ àjọṣe, àwa 5 ni a wà papọ̀, ẹnì kan nínú wa kì í wá, máàkì kan náà ni gbogbo wa sì ń gbà. A dákẹ́ nítorí ojú, títí di ọjọ́ tí olùkọ́ ní kí ẹni náà gan-an wá ṣàlàyé ìṣirò tí èmi ṣe. Ẹ jẹ́ kí olúkúlùkù ṣàlàyé iṣẹ́ ẹnìkejì rẹ̀ láàárín ara yín kí ọjọ́ tó pé.

Ìwé àpilẹ̀kọ ni ó gba sáà ìkẹyìn lọ́wọ́ mi. Àkòrí tí mo kọ́kọ́ mú fẹ̀ tó ilẹ̀ Áfíríkà. Ẹ̀rín ni olùtọ́nà mi fi dá mi lóhùn. Àwìn láàárín àwọn aláṣọ Ouando ni mo padà kọ lé. Níwájú ìgbìmọ̀, wọ́n bi mí bí mo ṣe mọ̀ pé òótọ́ ni àwọn obìnrin náà sọ, nígbà tí ọ̀pọ̀ wọn kì í kọ gbèsè sílẹ̀. Mo fi hàn wọ́n bí mo ṣe fi ọ̀rọ̀ oníbàárà wé ti olùtajà lórí gbèsè kan náà, àti ibi tí méjèèjì kò ti bá ara wọn mu. Orí àwọn ibi tí kò bára mu yẹn ni wọ́n jókòó lé títí àkókò fi tán.