Mo Wá Ẹja Òkun Lọ sí Igbókọ̀dá

Lọ́jà Ọba ní Àkúrẹ́, ẹja inú yìnyín ló kún orí àtẹ: títù, kòtè, pańla. Òkè òkun ni wọ́n ti ń gbé púpọ̀ nínú wọn wá, bẹ́ẹ̀ ìpínlẹ̀ tiwa gan-an ní òkun! Ó ti ń bí mi nínú tipẹ́. Ni mo bá wọ mọ́tò, ó di Oǹdó, ó di Ọ̀rẹ̀, ó di Òkìtìpupa, títí a fi dé Igbókọ̀dá ní ilẹ̀ Ìlàjẹ.

Ẹja àpò àti edé pọ̀ ní èbúté bí ilẹ̀ bí ẹní, àmọ́ ẹja òkun kan tí wọ́n ń pè ní grouper funfun ni mo bá wá. Màmá kan ṣí agbọ̀n rẹ̀. Ẹja náà ní àwọ̀ eérú, ẹnu gbàǹgbà, àwọn ìlà tẹ́ẹ́rẹ́ sì dábùú ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ bí àbàjà.

“Ẹ̀yin ará òkè, ẹ ò mọ ẹja,” ni màmá wí.

Epinephelus aeneus ni àwọn onímọ̀ ń pè é. Láti Òkun Mẹditaréníà títí dé Àǹgólà ló wà. Àwọn ará Senegal ò fi í ṣeré, thiof ni wọ́n ń pè é. Ó lè gùn tó 120 sẹ̀ǹtímítà, kó sì wọn kílò 25. Inú ọ̀sà àti ẹnu odò, níbi tí omi ò jìn, làwọn ọmọ rẹ̀ ti ń dàgbà. Bí wọ́n bá tóbi, wọ́n á wọ inú òkun lọ, sórí ẹrẹ̀ àti iyanrìn. Ẹrẹ̀ ò sì wọ́n létíkun Ìlàjẹ.

Abo ni wọ́n kọ́kọ́ ń jẹ́. Ìgbà tí wọ́n bá dàgbà dáadáa ni wọ́n tó ń di akọ. Ẹni tó bá ń ṣa àwọn ńlá pa, akọ ló ń kó lọ. Ẹni tó kó kékeré, ìyá ọ̀la ló kó. Mo ṣàlàyé èyí fún màmá, ó rẹ́rìn-ín.

“Akọ ni o, abo ni o, owó mi dà?”

Kí lẹ fẹ́ kí n sọ sí i? Lójú tèmi ṣá, àwọ̀n olójú wẹ́wẹ́ nínú ọ̀sà ló burú jù, torí ibẹ̀ làwọn ọmọ ẹja wà.

A ná an títí. Màmá bá mi ha ìpẹ́ rẹ̀, mo kó o sínú kúlà pẹ̀lú yìnyín. Ata rodo àti ẹfinrin ni mo fi sè é nílé: ẹran rẹ̀ funfun, ó ki, eegun wẹ́wẹ́ ò dààmú ẹni. Bí ẹ bá ń lọ, ẹ tètè jí, kí àwọn alájàpá má baà ti ṣa èyí tó dáa kí ẹ tó dé.