Sípíkà tó ń dùn láìpariwo

Bí ẹ bá wọ ṣọ́ọ̀bù tí wọ́n ti ń ta sípíkà ní Lágéré tàbí Sábó n'Ífẹ̀, olùtajà á yí i sókè títí ojú fèrèsé á fi máa gbọ̀n. Ìdánwò yẹn ò wúlò fún ẹni tí yàrá rẹ̀ fara ti ti aládùúgbò, tó sì fẹ́ gbọ́ orin lẹ́yìn aago mẹ́sàn-án alẹ́. Ẹ ní kí wọ́n yí i wálẹ̀ títí ẹ ó fi lè bára yín sọ̀rọ̀ láìgbé ohùn sókè. Ibẹ̀ ni sípíkà gidi ti ń yàtọ̀.

Etí wa ló fà á. Ní 1933, àwọn onímọ̀ ìjìnlẹ̀ Fletcher àti Munson tẹ ìwádìí wọn jáde ní Amẹ́ríkà, wọ́n sì fi hàn pé bí orin bá ṣe ń lọ sílẹ̀, bésì ló máa ń kọ́kọ́ sá mọ́ etí lọ́wọ́. Nígbà tí orin bá wà jẹ́jẹ́, ohùn 100 Hz (ohùn bésì) gbọ́dọ̀ fi ohun tó lé ní 20 dB (ìwọ̀n bí ohùn ṣe le tó) ju ohùn 1,000 Hz (ohùn àárín) lọ kí àwọn méjèèjì tó dọ́gba létí. Ẹ gbọ́ orin jùjú bẹ́ẹ̀: ṣẹ̀kẹ̀rẹ̀ ṣì ń dún ketekete, ṣùgbọ́n gìtá bésì ti pòórá, ohùn ìyáàlù sì ti tínrín.

Nítorí náà, ẹ má jẹ́ kí wáàtì tí wọ́n kọ gàdàgbà sára páálí fà yín. Orin jẹ́jẹ́ kì í sábà jẹ tó wáàtì kan. Wúfà, ìyẹn ojú sípíkà ńlá tó ń gbé bésì jáde, ni kí ẹ wò: ínṣì 6½ tàbí 8 nínú àpótí pákó tó wúwo dára ju ínṣì 3 nínú ike lọ fíìfíì. Bí ámpù (ẹ̀rọ tó ń fún sípíkà lágbára) bá ní bọ́tìnì tí wọ́n kọ Loudness sí, gbígbé bésì sókè nígbà tí orin bá wà jẹ́jẹ́ gan-an ni wọ́n ṣe é fún. Bí kò bá ní, ẹ gbé bésì sókè díẹ̀, kí ẹ sì dá a padà nígbà tí ẹ bá yí orin sókè, kí wúfà má baà bàjẹ́.

Àlébù méjì wà tí ariwo máa ń bò. Àkọ́kọ́, ẹ tan ámpù láìsí orin, kí ẹ gbé etí sún mọ́ twítà (ojú kékeré tó ń gbé ohùn òkè jáde), kí ẹ wá sún sẹ́yìn: bí ẹ bá ṣì ń gbọ́ "ṣìììì" láti orí àga tí ẹ ó máa jókòó sí, ẹ fi í sílẹ̀. Èkejì, ẹ yí bọ́tìnì ohùn díẹ̀díẹ̀ láti òdo. Bí ẹ̀gbẹ́ kan bá ti ń kọrin kí èkejì tó fọhùn, bọ́tìnì yẹn ò dọ́gba nísàlẹ̀. Ẹ lè dín ohùn fóònù kù kí ẹ lè ṣí ámpù sí i, ṣùgbọ́n lójú tèmi, kí ẹ wá òmíràn ló dára jù.

Bó bá jẹ́ tòkunbọ̀, ẹ wo etí wúfà, ìyẹn òrùka rírọ̀ tó yí i ká. Fóòmù máa ń jẹrà, rọ́bà máa ń pẹ́. Ẹ fi ìka méjì tẹ àárín rẹ̀ wọlé jẹ́jẹ́ lọ́gbọọgba. Bó bá ń ha nínú, kọ́ìlì (wáyà tí wọ́n ká sẹ́yìn wúfà) ti ń fara gbo irin.

Bésì tún lè sọnù bí wáyà sípíkà kan bá yí padà, tí pọ́sítífù bọ́ sí ibi nẹ́gátífù. Ẹ yọ wáyà kúrò lára ámpù, kí ẹ fi bátìrì 1.5 V kàn án fìrí. Bí wúfà bá yọ síta, ibi tí orí bátìrì kàn ni pọ́sítífù. Ẹ ṣe ti èkejì bákan náà. (Ẹ má dán èyí wò lára sípíkà tó ní ámpù nínú.)

Ẹ gbé e sún mọ́ ògiri, torí ògiri ń ran bésì lọ́wọ́, àmọ́ tí ihò àpótí bá wà lẹ́yìn, ẹ fi àyè ọwọ́ kan sílẹ̀. Kí twítà ṣe déédéé etí yín, kí ẹ sì jókòó ní mítà kan ààbọ̀ sí i dípò mẹ́ta: ẹ ò ní nílò láti yí i sókè kó tó borí fáànù. Ògiri tí ẹ bá gbé e tì, kó má jẹ́ èyí tí ẹ̀yin àti aládùúgbò jọ ní, torí bésì máa ń gba inú búlọ́ọ̀kù kọjá.