Pip wo ló ń sọ̀rọ̀?

Ẹ̀yin àbúrò mi tí ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń di ṣọ́ọ̀kì mú ní kíláàsì Gẹ̀ẹ́sì, bí wọ́n bá gbé ìwé ìtàn ọmọ tó ń dàgbà lé yín lọ́wọ́, ẹ má ṣe bíi tèmi. Lọ́dún àkọ́kọ́ mi, ìbéèrè kan ṣoṣo ni mo mọ̀ ọ́n bi: "Kí ni ọmọ yìí kọ́?" Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mi á ní ìgbéraga ò dáa. Mo ń fún wọn ní máàkì, bẹ́ẹ̀ ẹni tí ò ṣí ìwé náà rárá lè dáhùn bẹ́ẹ̀.

Great Expectations tí Charles Dickens kọ ló là mí lójú, èyí tó jáde díẹ̀díẹ̀ lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀ láàárín 1860 sí 1861. Pip, ọmọ tí ìtàn náà dá lé, tó sì ń fẹnu ara rẹ̀ sọ ọ́, ti ń ṣe ọ̀tọ̀kùlú ní London nígbà tí Joe alágbẹ̀dẹ, ọkọ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ tó wò ó dàgbà, wá kí i. Joe gbé àkẹtẹ̀ rẹ̀ sí etí pẹpẹ orí ibi ìdáná. Ó já bọ́. Ó gbé e padà, ó tún já bọ́. Ó sì ń pe ọmọ tó tọ́ dàgbà ní "sà". Ara Pip ò gbà á mọ́. Àfi bí gbólóhùn kan ṣe yọ níbẹ̀, tó ní ẹ̀bi òun ni gbogbo rẹ̀, pé ká ní òun túra ká sí Joe ni, Joe náà ì bá túra ká.

Mo bi kíláàsì mi pé, "Ta ló sọ èyí?"

"Pip ni."

"Pip wo?"

Kẹ́kẹ́ pa. Ọmọbìnrin kan lẹ́yìn wá ní, "Èyí tó ti dàgbà ni. Èyí tó jókòó níbẹ̀ ò tíì mọ̀."

Láti ọjọ́ náà, bírò méjì ni wọ́n ń lò: pupa lábẹ́ ohun tí ọmọ rí, aláwọ̀ aró lábẹ́ ohun tí àgbà mọ̀. Ibi tí àwọ̀ méjèèjì bá ti pàdé, ìjà ní ń dà. Ẹ má là wọ́n.

Mo tún ṣi ẹsẹ̀ gbé. Mo ní kí wọ́n kọ nípa ọjọ́ tí ojú ẹni tó fẹ́ràn wọn tì wọ́n, kí wọ́n sì kà á sókè. Ọmọkùnrin kan dìde, ó ka àkọlé, ó ká ìwé rẹ̀ kó. Mi ò gba irú ìwé bẹ́ẹ̀ lọ́wọ́ wọn mọ́. Ọwọ́ wọn ló ń gbé.

Ìparí méjì ni Dickens kọ fún Great Expectations. Ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan ló ní kó pààrọ̀ ti àkọ́kọ́. Ẹ ka méjèèjì fún wọn, kí ẹ má sì jẹ́ kí wọ́n mọ èyí tí ẹ fẹ́ràn. Lọ́dún tí mo sọ tèmi, gbogbo àṣetiléwá tí mo gbà, ọgbọọgba ni.