Ẹnu Òṣìṣẹ́ ní Ṣómólú àti ní Leeds

Iṣẹ́ ìtẹ̀wé ni mo kọ́ ní Ṣómólú, òun náà ni mo ń ṣe ní Leeds, nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, títí dòní. Bébà ò yàtọ̀, yíǹkì ò yàtọ̀. Ibi tí ọ̀rọ̀ ti yàtọ̀ ni ohun tó máa ń ṣẹlẹ̀ tí òṣìṣẹ́ bá rí i pé nǹkan ò dáa.

Maṣíìnì tí a fi ń gé bébà ní bọ́tìnì méjì. Ọwọ́ méjèèjì lèèyàn fi ń tẹ̀ wọ́n lẹ́ẹ̀kan náà kí ọ̀bẹ tó sọ̀ kalẹ̀, kí ọwọ́ kankan má baà há sábẹ́ rẹ̀. Ní ṣọ́ọ̀bù kan tí mo ti ṣiṣẹ́, wọ́n ti tún wáyà rẹ̀ so kí bọ́tìnì kan ṣoṣo lè ṣe é, torí pé tí àsìkò ìbò bá dé, iṣẹ́ pósítà kì í jẹ́ ká mí. Gbogbo wa la mọ̀. Tá a bá jókòó sí bùkà lọ́sàn-án, a ó máa sọ ọ́ láàárín ara wa pé maṣíìnì yìí á ṣe èèyàn léṣe. Tí ọ̀gá bá wọlé, ó di "Ẹ káàbọ̀ sà." Ìka méjì ọmọ ìkọ́ṣẹ́ kan ló bá a lọ. Ohun tí ọ̀gá kọ́kọ́ bèèrè ni, "Ta ló ní kó kánjú?"

Ní Leeds, alábòójútó máa ń bi wá láràárọ̀ pé kí ló kù díẹ̀ kó ṣeni léṣe lánàá. Ọmọbìnrin kan tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé sọ pé iná tó ń ṣọ́ ọwọ́ lára maṣíìnì ń ṣẹ́jú. Wọ́n pa maṣíìnì títí ẹni tó ń tún un ṣe fi dé. Iṣẹ́ oníbàárà pẹ́, kò sẹ́ni tó fajú ro sí i. Òfin ọdún 1996 níbẹ̀ kò gbà kí wọ́n lé èèyàn torí pé ó sọ̀rọ̀ nípa ewu. Síbẹ̀, àwọn ọ̀gá tó ń di kùnrùngbùn wà níbẹ̀ náà.

Nàìjíríà ní òfin tirẹ̀. Òfin owó gbà-má-bínú fún òṣìṣẹ́ tó fara pa, ti ọdún 2010, ní kí òṣìṣẹ́ sọ fún ọ̀gá láàárín ọjọ́ 14, kí ọ̀gá sì fi tó NSITF, àjọ ìjọba tó ń bójú tó owó náà, létí láàárín ọjọ́ 7. Ní ṣọ́ọ̀bù wa, kò sẹ́ni tó dárúkọ rẹ̀ rí.

Àwọn kan ní ọ̀wọ̀ àgbà ló pa wá lẹ́nu mọ́. Mi ò gbà. Yorùbá mọ bí a ṣe ń bá àgbà sọ̀rọ̀: "Ẹ jọ̀ọ́ sà, ẹ má bínú, mo fẹ́ sọ nǹkan kan." Àgbà tó gbọ́n á dúró gbọ́. Ẹ̀rù oúnjẹ ló ń bà wá. Ẹni tó sọ̀rọ̀ lánàá, ẹlòmíràn ti wà nídìí maṣíìnì rẹ̀ lónìí, owó ilé sì ń bọ̀, owó iléèwé ọmọ ń bọ̀. Nítorí náà, àwọn ọ̀gá ni mo ń bẹ̀, ọwọ́ wọn ni ẹ̀rù yẹn wà.

Àbúrò mi ti ní ṣọ́ọ̀bù tirẹ̀ báyìí. Tí mo bá pè é, mo máa ń bi í pé kí làwọn ọmọ rẹ̀ sọ fún un lọ́sẹ̀ yìí tí kò dùn ún gbọ́. Láìpẹ́ yìí, ó ní ọmọ ìkọ́ṣẹ́ kan sọ pé pẹtirólù tí wọ́n fi ń fọ rólà ti sún mọ́ jẹnẹrétọ̀ jù. Wọ́n ti gbé jẹnẹrétọ̀ náà lọ sẹ́yìn ilé.