Ọmọ káfè ló mọ páswọ́ọ̀dù mi

Téèpù tí mo fi ń wọn aṣọ ṣì wà lọ́rùn mi nígbà tí mo dé ẹnu ọ̀nà gbọ̀ngàn ìdánwò NOUN, yunifásítì tí ẹni tó níṣẹ́ lọ́wọ́ ti lè kàwé. Aago mẹ́ta òru ni mo ti jí. Mo parí bùbá léèsì mẹ́rin tí oníyàwó fẹ́ wá gbà láàárọ̀, mo ṣí ìwé lé orí ẹ̀rọ ìránṣọ, mo kà á díẹ̀, mo wẹ̀, mo wọ mọ́tò láti Àpáta. Kò sẹ́nì kankan nínú mọ́tò tó sọ fún mi pé téèpù wà lọ́rùn mi. Ọmọkùnrin tó ń ṣọ́ ẹnu ọ̀nà, tí kò lè ju ọmọ ọdún 25 lọ, wò mí látòkè délẹ̀. Ó ní, "Màmá, àwọn tó ń tajà kì í wọ ibí o. Ẹ dúró níta lọ́dọ̀ àwọn yòókù."

Mo ní, "Ọmọ mi, ìdánwò ni mo wá ṣe."

Ó tọrọ àforíjì, kí n má purọ́ mọ́ ọn. Ó tẹrí ba, ó ní kí n mú ìwé mi wá. Mo fún un ní èyí tí ọmọ káfè, ọmọkùnrin tó ń bá mi ṣe iṣẹ́ orí kọ̀ǹpútà, tẹ̀ jáde fún mi. Ó wò ó, ó yí ẹ̀yìn rẹ̀ wò, ó tún wo ojú mi. "Mà, ìwé ìforúkọsílẹ̀ kọ́ọ̀sì lèyí. Ti ìdánwò dà?"

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń kàwé lágbà bíi tèmi, ẹ mọ bí àyà ṣe máa ń já tí wọ́n bá béèrè ìwé tẹ́ ẹ ò tiẹ̀ mọ̀ pé ó wà láyé. Ó mú orúkọ àwọn tó fẹ́ ṣe ìdánwò jáde, ó fi ìka tọ̀ ọ́ látòkè dé ìsàlẹ̀, ojú ìwé mẹ́ta. Mi ò sí níbẹ̀. Wọ́n ní kí n lọ sí ọ́fíìsì. Obìnrin tó wà níbẹ̀ tẹ nọ́ńbà mi sínú kọ̀ǹpútà. Ó ní mo ti san owó sẹ̀mísítà, mo ti fi orúkọ kọ́ọ̀sì mẹ́fà sílẹ̀, àmọ́ mi ò forúkọ sílẹ̀ fún ìdánwò ẹyọ kan, ó sì ti pé ọjọ́ mọ́kànlá tí wọ́n ti pa ìforúkọsílẹ̀ dé. Ó ní, "Ẹ̀ẹ̀mẹ́ta la fi ránṣẹ́ sí yín, mà." Mo ní mi ò rí nǹkan kan. Ó ka nọ́ńbà tí wọ́n fi ránṣẹ́ sí sí mi létí.

Nọ́ńbà ọmọ káfè ni.

Mo jáde. Mo jókòó sórí búlọ́ọ̀kù kan lábẹ́ igi fúrùùtù tó wà níwájú gbọ̀ngàn. Fèrèsé ṣí sílẹ̀, mo sì ń gbọ́ bí wọ́n ṣe ń tẹ kọ̀ǹpútà nínú lọ́hùn-ún, tàkà-tàkà, bí ìgbà tí òjò bá ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kán sórí páànù. Bírò méjì wà nínú báàgì mi, bẹ́ẹ̀ kò tiẹ̀ sẹ́ni tó ń fi bírò ṣe ìdánwò ọjọ́ náà. Ìyẹn gan-an yẹ kó ti là mí lójú. Ìyá kan tó ń ta ọsàn lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi bó ọ̀kan fún mi láìgba owó. Ó ní, "Ṣé ọmọ yín lẹ̀ ń dúró dè ni?"

Mo ní bẹ́ẹ̀ ni.

Gbogbo nǹkan tó ṣẹlẹ̀ lọ́jọ́ náà, èsì tí mo fún ìyá ọlọ́sàn yẹn ló ń dùn mí jù títí di báyìí. Ọmọ ẹnu ọ̀nà pè mí ní ọlọ́jà, mo gbà, téèpù ló ṣì í lọ́nà. Ṣùgbọ́n ẹnu ara mi ni mo fi sọ pé kì í ṣe èmi ni mo wá kàwé. Mo mu ọsàn náà tán. Mo jókòó síbẹ̀ títí àwọn tó ń ṣe ìdánwò fi jáde, torí mo ti sọ nílé pé ìdánwò ni mò ń lọ ṣe, mi ò sì mọ bí mo ṣe fẹ́ tètè padà. Nígbà tí mo délé, bàbá àwọn ọmọ mi ní, "Ìyá Ìbejì, báwo ló ṣe lọ?" Mo ní ó lọ dáadáa. Odindi ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni mo fi gbé irọ́ yẹn kiri.

Bí ọ̀rọ̀ ṣe jẹ́ nìyí. Ọdún 1998 ni mo ṣe WAEC. Mo ní Gẹ̀ẹ́sì, mo ní Yorùbá, mo ní mẹ́ta mìíràn, Ìṣirò fún mi ní F9. Bàbá mi ní òun ò ní owó tí òun á fi tún un ṣe, kí n lọ kọ́ṣẹ́. Mo kọ́ṣẹ́ télọ̀, mo gba fúrídọ́ọ̀mù, mo ṣí ṣọ́ọ̀bù, mo bí àwọn ìbejì. Kò sí nǹkan tó ṣe iṣẹ́ mi. Àmọ́ tí ẹ bá ti lé ní 35 ọdún, tí ẹ ń rí àwọn ọmọ tí ẹ rán aṣọ ayẹyẹ ìkẹ́kọ̀ọ́yege fún, tí wọ́n ń dé pẹ̀lú fìlà onígun mẹ́rin, ẹ mọ nǹkan tí mò ń sọ. Mo lọ forúkọ sílẹ̀ fún GCE, Ìṣirò nìkan. Mo fìdí rẹmi lẹ́ẹ̀mejì. Ẹ̀ẹ̀kẹta fún mi ní C6, mo jó nínú ṣọ́ọ̀bù.

Ẹ jẹ́ kí n sọ èyí kíá, torí àwọn tó ń bi mí pọ̀. Èsì WAEC kì í kú. Èyí tí ẹ gbà ní 1998 ṣì lágbára. Ọ̀pọ̀ yunifásítì ló máa gba èsì ìjókòó méjì pa pọ̀, tó bá ti pé kírẹ́díìtì márùn-ún tí Gẹ̀ẹ́sì àti Ìṣirò wà níbẹ̀. Ẹ má tún gbogbo rẹ̀ ṣe látilẹ̀. Èyí tó kù nìkan ni kí ẹ lọ wá. NYSC ńkọ́? Ẹni tó bá ti kọjá ọdún 30 nígbà tó gboyè, ìwé ìyọ̀ǹda ni wọ́n máa fún un, kò ní wọ kàkí. Ó tán.

Ibi ìforúkọsílẹ̀ ni ẹ̀kọ́ àkọ́kọ́ tí mo fẹ́ kọ́ yín wà. Nígbà tí mo fẹ́ wọlé, ọmọ káfè ní kí n mú ímeèlì mi wá. Mo ní mi ò ní. Ó ní, "Mummy, kò sí wàhálà." Ó ṣí ọ̀kan fún mi níṣẹ́jú márùn-ún, ó fi nọ́ńbà fóònù tirẹ̀ sí i kí nǹkan lè yá, ó ṣe páswọ́ọ̀dù tí òun nìkan mọ̀, ó gba ₦2,000. Láti ọjọ́ náà, gbogbo nǹkan tí ilé ìwé bá fẹ́ bá mi sọ, òun ni wọ́n ń bá sọ. Tó bá tó àkókò iṣẹ́ àmúrelé orí kọ̀ǹpútà, èyí tó ní 30 nínú 100 máàkì, màá lọ jókòó tì í, màá máa pe ìdáhùn, òun á máa tẹ̀ ẹ́. ₦2,000. Bí a ṣe ṣe sẹ̀mísítà àkọ́kọ́ nìyẹn, ó sì dára, kí n sọ òdodo.

Lẹ́yìn náà ló kó lọ sí Èkó. Kò dágbére. Ṣùgbọ́n kó tó lọ, ó ti bá mi san owó, ó ti fi kọ́ọ̀sì sílẹ̀, ó tẹ ìwé fún mi, ó ní ó ti parí. Mo gbà á gbọ́. Mi ò mọ̀ pé fífi kọ́ọ̀sì sílẹ̀ ọ̀tọ̀, fífi ìdánwò sílẹ̀ ọ̀tọ̀, owó rẹ̀ náà ọ̀tọ̀. Báwo ni mo ṣe fẹ́ mọ̀, nígbà tí mi ò tíì fojú ara mi rí portal náà rí, ojú ìwé ilé ìwé lórí íńtánẹ́ẹ̀tì tí a ti ń ṣe gbogbo rẹ̀? Ẹ̀yìn rẹ̀ ni mo máa ń jókòó sí.

Mo mọ nǹkan tí àwọn kan ń sọ báyìí, pé òpònú ni mí. Ẹni tó lè gé aṣọ òkè láìfi ṣọ́ọ̀kì sí i kì í ṣe òpònú. Ọ̀pọ̀ nínú yín gan-an, ẹ wo ara yín dáadáa, ta ló mọ páswọ́ọ̀dù yín? Ọmọ yín ni? Àbúrò ni? Àbí ọmọkùnrin kan tó máa ń sọ pé "Mummy, ẹ má yọ ara yín lẹ́nu"? Ìjọba lè ṣílẹ̀kùn sílẹ̀ gbayawu. Tí kọ́kọ́rọ́ bá wà lápò ẹlòmíràn, ìta lẹ wà.

Ilẹ̀kùn náà kò sì ṣí lọ́fẹ̀ẹ́. Ọdún 1983 ni wọ́n dá NOUN sílẹ̀, nígbà ayé Shagari, kí ẹni tó níṣẹ́ lọ́wọ́ lè kàwé láìfi iṣẹ́ sílẹ̀. Kò tíì fẹsẹ̀ múlẹ̀ tí ìjọba ológun Buhari fi tì í pa ní 1984. Ó di 2002 kí Ọbásanjọ́ tó jẹ́ kó tún padà bẹ̀rẹ̀. Ẹ ṣírò ọdún tó wà láàárín. Àwọn ìyá wa ló wà nínú rẹ̀. Kódà lẹ́yìn tí wọ́n tún un ṣí, ó ní bí wọ́n ṣe ń wo àwọn tó bá ti ibẹ̀ jáde, wọn kì í jẹ́ kí wọ́n lọ sìnlú, wọn kì í gbà wọ́n nílé ìwé àwọn lọ́yà. Oṣù Kejìlá 2018 ni wọ́n tún òfin náà ṣe, ẹni tó sì bu ọwọ́ lù ú ni Buhari kan náà. Mi ò ní sọ̀rọ̀ síi lórí ìyẹn. Ọbásanjọ́ alára lọ forúkọ sílẹ̀ níbẹ̀ lẹ́yìn tó ti jẹ ààrẹ tán, ó sì gba oyè ọ̀mọ̀wé nínú ẹ̀kọ́ ìsìn ní 2018, nígbà tó ti kọjá ọgọ́rin ọdún. Ẹ ó ní bàbá olówó ni, wọ́n á máa bá a tẹ kọ̀ǹpútà. Bóyá. Èmi ò ní ẹni tó ń bá mi tẹ̀ ẹ́ àyàfi ẹni tó kó lọ sí Èkó.

Ẹ̀kọ́ kejì: ẹ sọ fún ará ilé. Mo fi ọ̀rọ̀ yìí pamọ́ fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, Kẹ́hìndé mi tó wà ní SS3 ló já a. Ó rí mi tí mò ń sunkún nídìí ẹ̀rọ, mo ní abẹ́rẹ́ ló gún mi. Ó wo ọwọ́ mi, kò rí ẹ̀jẹ̀. Mo wá sọ fún un. Ọmọ náà kò rẹ́rìn-ín, kò sì pariwo. Ó ní, "Mọ́mì, ẹ gbé fóònù yín wá." Alẹ́ ọjọ́ náà ló kọ́ mi bí mo ṣe máa ṣí ímeèlì tèmi, bí lẹ́tà ńlá ṣe yàtọ̀ sí lẹ́tà kékeré nínú páswọ́ọ̀dù, àti ìdí tí kò fi yẹ kí n fi orúkọ àwọn ìbejì ṣe é. Mo ń fi ìka tẹ ojú fóònù náà kíkan-kíkan. Ó ní, "Mọ́mì, fóònù ni o, kì í ṣe pẹ́dà ẹ̀rọ." Tí mo bá ti sọ fún un lọ́dún tó kọjá, ì bá má sí ọjọ́ ọlọ́sàn. Bàbá wọn náà, nígbà tí mo sọ fún un, ó kàn ní, "O ò bá ti sọ fún mi," ó sì jáde lọ. Ó dùn ún ju èmi lọ, mo rò.

Ẹ̀kọ́ kẹta ni ti àkókò àti àwọn kọ́sítọ́mà. Ẹ má gba aṣọ ẹbí lọ́sẹ̀ ìdánwò. Mo mọ̀ pé owó ni. Ẹ má gbà á. Àmọ́ ìyẹn kéré o. Ẹ lè fi oorun sílẹ̀, ẹ lè fi aṣọ ẹbí sílẹ̀, ẹ lè ka ìwé títí ojú yín á fi pọ́n, tí ẹ ò bá mọ ọ̀nà wọ portal yín fúnra yín, ọmọ káfè lẹ ń kàwé fún.

Nǹkan tó kù ò gùn. Mo gba ilé ìwé lọ, wọ́n pa ímeèlì dà sí tèmi, sẹ̀mísítà tó tẹ̀ lé e mo forúkọ ìdánwò sílẹ̀ pẹ̀lú ọwọ́ ara mi, mo ṣe mẹ́fẹ̀ẹ̀fà, mo yege márùn-ún. Ẹ̀kẹfà, màá tún un ṣe. Èsì jáde ní Tọ́sìdeè tó kọjá, ìdí tí mo fi ń kọ èyí nìyẹn.

Nọ́ńbà fóònù nìkan ni wọn ò tíì pa dà. Mo ti kọ lẹ́tà, wọ́n ní kí n máa retí. Nítorí náà lánàá, mo fẹ́ wọlé lọ san owó sẹ̀mísítà tuntun, portal ní òun ti fi nọ́ńbà mẹ́fà kan tí màá fi wọlé ránṣẹ́ sí fóònù mi. Mo ń wo fóònù, kò sí nǹkan kan. Mo tún tẹ̀ ẹ́. Bí mo ṣe ń tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀kẹta, ìpè wọlé, nọ́ńbà tí mo mọ̀ sórí bí orúkọ mi. Ó ní, "Mummy, ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta. Nọ́ńbà kan ló ń wọlé sórí fóònù mi látàárọ̀ yìí, ṣé tiyín ni?"

Mo ní kó pè é fún mi. Mo kọ ọ́ sílẹ̀, mo fi wọlé, mo san owó sẹ̀mísítà náà, mo rí i pé ó ti wọlé. Ẹ̀yìn ìgbà yẹn ni mo tó bẹ̀rẹ̀ sí bú u.