Ìlà Kẹsàn-án

Ọjọ́bọ̀, lálẹ́.

Òjò ò jẹ́ kí n jáde lónìí. Mo jókòó, mo fi ọwọ́ da sónẹ́ẹ̀tì kan ti Petrarch, akéwì ilẹ̀ Ítálì, kọ sínú ìwé mi: ewì onílà mẹ́rìnlá géérégé. Mo wá fi pẹ́ńsù fa igi tẹ́ẹ́rẹ́ sábẹ́ ìlà kẹjọ. Mi ò gbọ́ èdè Ítálì, ṣùgbọ́n ojú lásán rí i: lókè igi yẹn, ìró méjì péré ló ń gba ìparí ìlà lọ́wọ́ ara wọn. Nísàlẹ̀ rẹ̀, ìró mìíràn wọlé. Ibẹ̀ ni èrò ti máa ń ṣẹ́rí padà nínú sónẹ́ẹ̀tì. Èmi ń pè é ní ibi "àmọ́ ṣá."

Giacomo da Lentini ni wọ́n gbà pé ó kọ́kọ́ gbẹ́ ewì yìí, ní Sísílì, láàfin Ọba Frederick Kejì, láàárín ọdún 1200 sí 1250. Akọ̀wé tó ń kọ ìwé àdéhùn ni. Ó bá a mu lójú mi: ẹni tó mọ̀ bí a ṣe ń to ẹjọ́ kalẹ̀ kó tó dé orí "àmọ́ ṣá" ló lè ṣe é. Petrarch wá sọ ọ́ di olókìkí. Nínú ewì 366 tó kó jọ, 317 jẹ́ sónẹ́ẹ̀tì.

Akéwì Thomas Wyatt ló gbé e dé ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ìṣòro sì dé. Ọ̀rọ̀ Ítálì tó parí bákan náà pọ̀ bí iyanrìn. Ti Gẹ̀ẹ́sì ò tó nǹkan. Akéwì Henry Howard, tí wọ́n bẹ́ lórí ní 1547, tún un pín: ìlà mẹ́rin, mẹ́rin, mẹ́rin, lẹ́yìn náà méjì. Nígbà tí wọ́n tẹ sónẹ́ẹ̀tì 154 ti Shakespeare, tó tẹ̀ lé ìpín yìí, jáde ní 1609, "àmọ́ ṣá" ti máa ń dúró de ìlà méjì ìkẹyìn nígbà mìíràn.

Ti Claude McKay, akéwì ọmọ Jàmáíkà, ló mú mi lọ́kàn jù. Ní 1919, àwọn jàǹdùkú aláwọ̀ funfun ń pa àwọn aláwọ̀ dúdú ní àwọn ìlú Amẹ́ríkà. Ó kọ "If We Must Die," ó sì fi ìgbékalẹ̀ Shakespeare gan-an kọ ọ́. Kò dárúkọ dúdú tàbí funfun níbì kankan nínú rẹ̀. Mo kà á sókè lẹ́ẹ̀mejì, ara mi bù máṣọ.

Mo wá dán an wò ní Yorùbá. Ohùn ò gbà fún mi: ọkọ̀ àti ọkọ́ parí sí fáwẹ̀lì kan náà, etí ò gbà pé wọ́n jọra. Mo ti kọ ìlà mẹ́jọ nípa ìyá àgbà mi. Mo ti fa igi sábẹ́ wọn.