Bébà tí mo kọ fún màmá ẹlẹ́lùbọ́

Ẹ jẹ́ n sọ ẹ̀bi tèmi kí n tó dé ọ̀dọ̀ ìjọba. CHEW ni mí, ìyẹn òṣìṣẹ́ ìlera àdúgbò tí kì í ṣe nọ́ọ̀sì, ní sẹ́ńtà ìlera kékeré kan lápá Òkè-Ògùn, nọ́ọ̀sì làwọn ará abúlé ń pè mí, mo ti ṣàlàyé títí ó ti sú mi, mo kúkú ti ń jẹ́ ẹ bẹ́ẹ̀. Màmá kan wá lọ́jọ́ kan, èlùbọ́ ni wọ́n ń tà, wọ́n ní orí ń fọ́ àwọn, òòyì sì ń kọ́ àwọn. Mo yẹ bípì wọn, ìyẹn ìfúnpá, wò, ó gbé 200 lórí 110 wá, mo tún un ṣe, kò yí padà. Mo fún wọn lóògùn tó wà nílẹ̀, mo kọ bébà rẹ̀fárà pé kí wọ́n lọ rí dókítà ní ọsibítù ìjọba tó wà nílùú, mo lu òǹtẹ̀ sí i, mo pe ẹni tó kàn. Lójú tèmi, iṣẹ́ ti parí.

Ó tó oṣù mẹ́ta kí n tó tún fojú kàn wọ́n. Abẹ́rẹ́ àjẹsára la gbé lọ sí abúlé wọn, mo ní kí n yà kí wọn, mo bá wọn lórí àpáta lẹ́yìn ilé níbi tí wọ́n ti ń yí èlùbọ́ tí wọ́n sá. Mo ní, "Màmá, ṣé ẹ dé ọsibítù yẹn?" Wọn ò dáhùn. Wọ́n wọlé lọ, wọ́n mú láílọ́ọ̀nù kan wá láti abẹ́ ẹní, káàdì ìdìbò wà nínú ẹ̀, fọ́tò ọkọ wọn nígbà tí bàbá ṣì ń rìn wà níbẹ̀, bébà mi náà wà níbẹ̀, wọ́n ká a sí mẹ́rin, kò lábàwọ́n kankan. Wọ́n ní, "Mo tọ́jú ẹ̀ dáadáa o, ọmọ mi."

Ojú tì mí. Mo fa àpótí, mo jókòó, ìgbà yẹn ni mo ṣẹ̀ṣẹ̀ wá béèrè ohun tó yẹ kí n ti béèrè kí n tó mú bírò. Àṣé bàbá ti rọ lápá rọ lẹ́sẹ̀, màmá nìkan ló ń yí wọn padà lórí bẹ́ẹ̀dì, owó ọ̀kadà àlọ àtàbọ̀ á gbé èrè ọjọ́ ọjà kan lọ, bẹ́ẹ̀ òjò ń ṣú lójoojúmọ́, tí èlùbọ́ bá sì rẹ, ó ti bu nìyẹn. Wọ́n wá fi èyí kún un: "Tí mo bá tiẹ̀ débẹ̀, ta ni kí n béèrè?"

Fọ́ọ̀mù rẹ̀fárà wa ní apá ìsàlẹ̀ tó yẹ kí ọsibítù kọ èsì sí kí wọ́n sì dá a padà fún wa. Èyí tó ti padà sọ́wọ́ mi látìgbà tí mo ti ń ṣiṣẹ́ ò tó ìka ọwọ́ kan. Nítorí náà mi ò mọ ẹni tó dé, mi ò mọ ẹni tó kú sílé.

Ní báyìí, kí n tó kọ bébà, mo máa ń béèrè ta ló máa tẹ̀ lé yín, kí lẹ máa wọ̀ lọ, ta ló máa dúró ti ilé, ṣé ẹ jẹun lánàá. Wọ́n máa ń fi èyí tó kẹ́yìn rẹ́rìn-ín. Ṣùgbọ́n bàbá kan wà tó máa ń dákú, a fẹ́ pààrọ̀ oògùn ìtọ̀ ṣúgà fún wọn, àṣé oúnjẹ ni ò sí, inú òfìfo ni wọ́n fi ń lo oògùn yẹn.

Mo wá ní ìwé jotter kan tí mo kọ nọ́ńbà sí: ti wẹ́fíà ìjọba ìbílẹ̀ tó ń rí sí ọ̀rọ̀ àwọn aláìní, ti ìyálọ́jà, ti alága WDC, ìyẹn ìgbìmọ̀ ìdàgbàsókè wọ́ọ̀dù wa, ti alfa tó mọ̀ nípa owó sàká, ti ọlọ́kadà méjì tó gbà láti gbowó lẹ́yìn ọjọ́ ọjà, àti ti ọ̀rẹ́ mi kan tó wà níbi tí wọ́n ti ń gba káàdì ní ọsibítù. Mo sì ti fi ìyà kọ́gbọ́n nídìí ẹ̀ o, mo rán obìnrin kan lọ sí wẹ́fíà láìpè wọ́n ṣáájú, kò bá nǹkan kan níbẹ̀ àfi ọ̀rọ̀ gígùn, owó mọ́tò tó yá ló fi lọ. Mo máa ń kọ́kọ́ pè báyìí. Ká rán aláìní lọ síbi tí kò sí nǹkan, ìyẹn burú ju ká má rán an lọ.

Owó BHCPF, ìyẹn owó ìjọba àpapọ̀ fún ìtọ́jú ìlera ìpìlẹ̀, wà lóòótọ́, òfin ìlera ti 2014 ló ní kí ìjọba àpapọ̀ máa yọ ó kéré tán ìdá 1 nínú 100 owó ẹ̀ sílẹ̀, tí aláìní bá ti forúkọ sílẹ̀, ó lè gba ìtọ́jú ọ̀fẹ́ ní sẹ́ńtà. Ṣùgbọ́n wọ́n á béèrè NIN, nọ́ńbà ìdánimọ̀ tí wọ́n ń tẹ̀ka fún. Màmá yìí ti fi gbogbo ayé wọn bẹ iṣu, ìka wọn ti dán, ẹ̀rọ ò rí nǹkan kà níbẹ̀, ẹ̀ẹ̀mejì ni wọ́n lọ tí wọ́n padà. Ṣé ìyẹn ò yẹ lóhun téèyàn ń kọ rẹ̀fárà fún?

Àwọn kan ti gbìyànjú irú ẹ̀ rí ṣá. Nígbà tí Mimiko ń ṣe gómìnà ní Oǹdó, wọ́n bẹ̀rẹ̀ ètò ìtọ́jú aláboyún tí wọ́n pè ní Abíyè ní ìjọba ìbílẹ̀ Ìfẹ́dọ̀rẹ́ ní 2009, àwọn CHEW bíi tèmi ló ń lọ bá aláboyún nílé, wọ́n sì fún àwọn aláboyún ní fóònù. Ètò Agbẹ̀bíyè tó tẹ̀ lé e ní 2014 ló tiẹ̀ wù mí jù, wọn ò lé àwọn agbẹ̀bí ìbílẹ̀ dànù, wọ́n ní kí wọ́n máa mú aláboyún wá sí ọsibítù kí wọ́n sì máa gbowó sí i, wọ́n tún kọ́ wọn níṣẹ́ ọwọ́ míì. Ẹni tó ro ìyẹn mọ̀ pé agbẹ̀bí náà ń jẹun.

Màmá lọ ṣá. Ọmọ aládùúgbò jókòó ti bàbá, ọlọ́kadà gbé wọn, ọ̀rẹ́ mi dúró dè wọ́n lẹ́nu géètì. Ibi tí mo ti ń kó èlùbọ́ wọn lórí àpáta ni fóònù ti dún, ọ̀rẹ́ mi ní dókítà ti rí wọn, Màmá gba fóònù lọ́wọ́ ẹ̀.

"Nọ́ọ̀sì, ṣé òjò ti ń rọ̀ lọ́hùn-ún?"

Mo ní kí wọ́n fọkàn balẹ̀, mo ti kó o tán. Irọ́ ni, ó ṣì ku bíi igbá méjì.